Ìtàn Àárẹ̀ Olùkọ́ Tuntun ní Ìkòsì àti Kétu

Ọmọ àbúrò mi obìnrin gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìhà Alápẹ̀rẹ̀. Kí sáà àkọ́kọ́ tó parí, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ó wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó, kò sì tíì mu omi tí mo gbé fún un dé ìdajì tí oorun fi gbé e lọ lórí àga. Ìgbà tó jí ló wá béèrè pé, “Mọ̀mí Ìkòsì, ṣé bó ṣe rẹ ẹ̀yin náà rèé nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àbí èmi ni mo ya ọ̀lẹ?”

Mo ní kò ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tó. Àárẹ̀ tó ń ṣe é kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ iṣẹ́ yìí, ohun kan ni mo rí tí kò yí padà: nígbàkigbà tí ìjọba tàbí onílé-ẹ̀kọ́ bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ púpọ̀ láìtíì wá olùkọ́ tó máa ká wọn, ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń di ẹrù náà rù. Ohun tó yí padà ni àwọn tó máa ń bá a gbé e kalẹ̀. Ìtàn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní àyíká tèmi níbí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Kétu lóde òní gbà pé Èkó ni Kétu láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1954 tí wọ́n ti ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, títí di 27 oṣù karùn-ún 1967 tí Ìpínlẹ̀ Èkó dé, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni gbogbo ìhà ibí yìí wà, Ìkòsì, Kétu, Ògùdù, Agbóyìí, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Ìkejà Division. Abúlé ni wọ́n. Oko àti odò ni àwọn èèyàn ibẹ̀ fi ń jẹun. Nítorí náà, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 17 oṣù kìíní 1955, ọmọ Ìkòsì jẹ nínú rẹ̀ ṣáájú ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, torí ọdún 1957 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó wọ ìlú Èkó gan-an. Mo fẹ́ràn láti máa rán àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ Èkó létí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wo iye ọmọ tó dé. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn kò tó 460,000. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Nígbà tó fi máa di 1958, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan. Ẹni tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, S. O. Awókòyà, kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ olùkọ́. Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti 1952 tó ti gbé ètò náà kalẹ̀ ló ti mọ̀ pé olùkọ́ kò sí nílẹ̀. Wọ́n dín ọdún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà, wọ́n dá Modern School ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè lọ sí girama, wọ́n sì ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Grade III, ọlọ́dún méjì, káàkiri. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè dúró kí olùkọ́ kọ́kọ́ kàwé tán. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde Standard Six, àti lẹ́yìn náà àwọn tó jáde Modern Three, ni wọ́n kó sínú kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pè pé kó wá pọn omi ni wọ́n ń pè ní tísà.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ará Ìjẹ̀bú ni, òun ni olùkọ́ àgbà tó gbà mí sọ́dọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀ torí kì í fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ òun. Ìyá Alágbo ni àwa ọ̀dọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí àìsàn tí kì í ní àgbo rẹ̀ nínú báàgì. Ó jáde Modern Three ní 1957, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e ní abúlé kan tí kò dé rí. Ó sọ fún mi pé òru ni òun máa ń sunkún, torí kò sí àyè láti sunkún lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Ọjọ́ Sunday gan-an kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọmọdé wà lọ́rùn rẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé ìkórè ìjọ ń bọ̀, òun ni yóò kọ́ wọn ní orin.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ìyá Alágbo máa ń tẹnu mọ́, ó sì dà bíi pé òun gan-an kò mọ bó ṣe níye lórí tó. Inú ilé tísà àgbà ìjọ ni wọ́n fi í sí. Kò san owó ilé. Ìyàwó tísà àgbà ló ń bu oúnjẹ fún un. Tó bá sì di òru tí ó ṣì ń máàkì ìwé lábẹ́ àtùpà, obìnrin yẹn á jáde wá, á gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, á fẹ́ àtùpà pa, á ní, “Tísà kékeré, ọ̀la ń bọ̀.” Ọkọ rẹ̀, ní ti tirẹ̀, a máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní sọ̀rọ̀ lójú àwọn ọmọ, ó di ilé kó tó ṣàlàyé ibi tí ó ti ṣì í.

Ilé tísà àgbà yẹn ní gbòǹgbò tó jìn ju 1955 lọ. Ilé míṣọ́nnárì ló ti wá. Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì De Graft àti ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní Àgbádárìgì láàárín ọdún 1840 sí 1849, ẹni tó ń kọ́ni àti ẹni tó ń wàásù kì í sábà jìnnà síra. Ẹnì kan náà ni ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn ìjọ wá ní ètò kan tí ọmọdékùnrin tó bá mọ̀wé díẹ̀ yóò máa gbé lọ́dọ̀ kátíkíìsì, yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́sàn-án, yóò sì máa ka ìwé tirẹ̀ ní ìdájí tàbí lálẹ́. Mi ò ní fi iyọ̀ sí i: ìyà wà nínú ètò yẹn. Ọmọ náà ni yóò lu agogo, òun ni yóò ro oko kátíkíìsì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes wá láti Amẹ́ríkà ní 1920, tí Aggrey ọmọ Gold Coast wà nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń sọ àwọn ọmọ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ di olùkọ́ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí kò dùn mọ́ wọn nínú. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1926 ló wá sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ kó tó máa kọ́ni. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìyà rẹ̀, àgbà kan wà nínú ilé yẹn. Tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ẹnì kan yóò mọ̀.

Láàárín ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ. Àwọn ti Èkó ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tó jẹ́ ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School kó tó lọ sí Abẹ́òkúta, kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú jọ. Ní 8 oṣù keje 1931, ní CMS Grammar School, Èkó, wọ́n dá Nigeria Union of Teachers sílẹ̀. Ọdún ọ̀dá owó ni, owó oṣù olùkọ́ sì ni ìjọba àti àwọn míṣọ́ọ̀nù kọ́kọ́ ń wò láti gé. Àwọn èèyàn máa ń rántí NUT fún ìdaṣẹ́sílẹ̀ nìkan. Èmi rántí rẹ̀ fún ohun mìíràn: ìpàdé ẹ̀ka ni ibi àkọ́kọ́ tí mo ti gbọ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan sọ ní gbangba pé iṣẹ́ yìí máa ń rẹ òun.

Ní 1961, ìgbìmọ̀ tí Olóyè S. A. Banjo darí jábọ̀ fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ní ìwé àwọn ọmọ ti ń wálẹ̀, wọ́n sì na ọwọ́ sí àwọn olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé ta ló sọ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn pé kí wọ́n wá? Wọ́n pè wọ́n ni. Wọ́n dì í rù wọ́n, wọ́n tún wá sọ pé ọrùn wọn kò le tó.

Ẹ̀kọ́ yẹn kò yé ìjọba tó dé lẹ́yìn. Gowon, olórí ìjọba ológun nígbà náà, kéde UPE, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ní Ṣókótó ní 1974. Ọbásanjọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1976. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ń retí ọmọ bíi mílíọ̀nù 2.3 ní kíláàsì kìíní. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ló dé. Bí ti 1955 ni wọ́n ṣe tún sáré: ilé-ẹ̀kọ́ Grade II ń hù níbi gbogbo, ìjọba ń fún àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lówó àpò, wọ́n sì ń tì wá jáde bí àkàrà tó ń jáde nínú epo. Ní tòótọ́, a dúpẹ́ fún owó náà. Bàbá mi kò ní lè rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìsí i.

Mo jáde pẹ̀lú Grade II, wọ́n sì pín mi sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsì ní oṣù kẹsàn-án 1979. Yàrá kan ni mo háyà ní Ṣómólú. Láti ibẹ̀, màá rìn bọ́ sí Ikorodu Road, màá dúró de mólùè, màá sì sọ̀ ní Kétu, kí n tún rin ìyókù lórí ilẹ̀ pupa. Tí òjò bá rọ̀, bàtà mi á wà lọ́wọ́. Èrò ti ń wọ Èkó nígbà náà torí owó epo rọ̀bì, ilé sì ń bo oko mọ́lẹ̀ ní Kétu; ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀ bí ilé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ṣíífìtì. Àwọn ọmọ kan á wá ní àárọ̀, wọ́n á lọ. Àwọn mìíràn á wá ní ọ̀sán, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ṣì móoru. Ibòmíràn tilẹ̀ ní ṣíífìtì kẹta.

Ta ni wọ́n fún ní ṣíífìtì ọ̀sán? Tísà tuntun ni. Kò sí ẹni tó pè é ní ìyà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Ọmọ tó lé ní àádọ́rin ló wà níwájú mi, oòrùn sì ń ta páànù lórí wa. Àwọn ọmọ yẹn ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ti kiri omi, wọ́n ti kiri ọsàn, wọ́n ti gbé àbúrò pọ̀n. Tí mo bá kọ ìṣirò sí pátákó tí mo yíjú padà, ìlà kan gbáko ti sùn. Mo máa ń pariwo kí wọ́n lè jí. Kò pẹ́ tí mi ò fi ní ohùn mọ́. Mo ń kọ nóòtì ìkọ́ni lóru pẹ̀lú àbẹ́là, torí ọ̀gá wa fẹ́ rí i ní àárọ̀ Monday, pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́ àkọlé, ohun èlò ìkọ́ni, ìbéèrè ìgbéléwọ̀n, gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ̀wé nípa wọn nínú nóòtì náà kì í sùn, wọ́n sì máa ń dáhùn ìbéèrè.

Oṣù tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ní 1 oṣù kẹwàá 1979, ni Lateef Jákàńdè, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, di gómìnà. Ohun tí Bàbá Kékeré ṣe sí ṣíífìtì, gbogbo ará Èkó ló mọ̀ ọ́n: ó pa á rẹ́. Ó sọ pé gbogbo ọmọ yóò máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀, ó sì ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gọbọigọbọi, ilé gbọọrọ, ògiri tí kò dé òkè, páànù lórí. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pè é ní ilé adìẹ. Mo kọ́ni nínú ilé adìẹ yẹn, mo sì lè jẹ́rìí pé ó gbóná, àti pé tí òjò bá dé, kò sí ohun tí olùkọ́ lè ṣe ju kó jókòó dúró kí ó dá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè é ní ilé adìẹ kò kọ́ ṣíífìtì ọ̀sán rí. Mo gba páànù gbígbóná ní àárọ̀ ju bíríkì ẹlẹ́wà ní aago mẹ́ta ọ̀sán lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tó wà níwájú mi ti sùn mọ́jú, èmi náà sì ń dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun mìíràn wà tí Jákàńdè fẹ́ ṣe tí kò rí ṣe. Ní 1980, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kógbá wọlé. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Àgùdà, Anthony Okogie, àti àwọn mìíràn gbé e lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n sì borí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹjọ́ yẹn sọ́kàn; a ó padà sí i.

Iye ọmọ kò dín kù nítorí pé ṣíífìtì lọ. Ẹni tó gbà mí là kì í ṣe gómìnà, Ìyá Alágbo ni. Kò sí òfin tó ní kó ràn mí lọ́wọ́. Ó kàn gbọ́ ohùn mi láti kíláàsì kejì ni, ó sì wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fún mi ní orógbó kí n máa jẹ. Ohun kejì ni pé ó ní kí n dákẹ́. “Tí o bá ń pariwo, wọ́n á máa pariwo jù ọ́ lọ. Sọ̀rọ̀ wẹ́ẹ́, wọ́n á gbọ́.” Mi ò gbà á gbọ́, mo sì gbìyànjú rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ó kọ́ mi pé kí n pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí, kí n fi ọmọ tó mọ̀wé kà sí ìdí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ó máa ṣọ́ àwọn yòókù. Pé kí wọ́n máa gba ìwé ara wọn yẹ̀ wò nígbà tí mo bá kọ ìdáhùn sí pátákó, dípò kí n di àádọ́rin ìwé mẹ́rù lọ sí Ṣómólú. Pé tí wọ́n bá ń ka ìsọdipúpọ̀ lórin, kí n jókòó, torí orin yẹn ni ìsinmi mi. Nóòtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sán Friday ni kí n kọ ọ́, nínú ilé-ẹ̀kọ́, kí n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. “Má gbé ilé-ẹ̀kọ́ lọ sílé. Ilé rẹ kò gbà á.”

Ó fà mí wọ inú àjọ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Oṣooṣù ni a ń dá a, ẹnì kan á kó o. Nígbà tó kàn mí, mo fi owó náà ra ààrò kẹrosíìnì àti bẹ́ẹ̀dì, torí orí ẹní ni mo ti ń sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán mọ ohun tí bẹ́ẹ̀dì jẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí torí mo wá rí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ohun tí Ìyá Alágbo ń ṣe fún mi ni ohun tí wọ́n ti ṣe fún un ní 1958. Ilé tísà àgbà ti wó, ìjọba ti gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ètò UPE pé kí àgbà máa gba ọmọ tuntun sọ́dọ̀. Òun ló gbé àṣà náà sínú báàgì àgbo rẹ̀ wá sí Ìkòsì.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò dára fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ológun padà dé ní òpin 1983, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, owó oṣù sì di ohun tí a ń retí bí òjò àkọ́rọ̀. Ní 1991 wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, gbèsè owó oṣù pọ̀ jákèjádò Nàìjíríà, NUT daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún ètò náà ṣe ní 1993. Ọ̀pọ̀ àgbà olùkọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ta ọjà. Àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tuntun ti wà ní Mile 12 tí wọ́n ń ta tòmátò, èyí tí mi ò bá wọn wí fún.

Mile 12 lónìí, gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n: tòmátò, ata àti àlùbọ́sà láti òkè Ọya, tírélà lóru, alábàárù tó gbé apẹ̀rẹ̀ lórí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ọjà ló kún inú kíláàsì àyíká wa. Olùkọ́ tí kò bá mọ̀ pé ọmọ kan ti bá ìyá rẹ̀ ṣa tòmátò láti aago mẹ́rin ìdájí yóò na ọmọ náà fún oorun. Omi wà nínú ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú. Ní Agbóyìí, ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn fi ń dé apá kan ìlú. Ní oṣù kẹwàá 2010, odò Ògùn kún bo Agílítì àti Ajégúnlẹ̀ débi tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbọ̀wà. Ní oṣù kẹta 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, gómìnà Àmbọ̀dé sì ti ọjà pa. Lẹ́yìn irú nǹkan báwọ̀nyí, ilé-ẹ̀kọ́ á ṣí padà, olùkọ́ á sì bá ọmọ tí ẹ̀rù ṣì ń bà pàdé. Kò sí àyè fún ìyẹn nínú nóòtì ìkọ́ni.

Mo fẹ̀yìn tì ní 2014. Nígbà náà, ibi tí olùkọ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ ti yí padà. Ẹ rántí ẹjọ́ Okogie: òun ni kò jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kógbá wọlé. Kíka ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Èkó ṣe ní 2010 sí 2011 rí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó lé ní 12,000 ní ìpínlẹ̀ yìí. Kò sí àdúgbò ní Kétu tí kò ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òmíràn wà lórí ilé alájà kan, òmíràn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bú wọn. Àwọn ni wọ́n gba ọmọ tí ìjọba kò ní àyè fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ NCE tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ kọ́pà tí wọ́n ti parí ọdún ìsìnrú ìlú tí wọ́n sì dúró. Láti 2016 títí di 2023 tí wọ́n dá a dúró, N-Power, ètò ìjọba àpapọ̀, náà kó ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì sínú kíláàsì ìjọba fún ₦30,000 lóṣù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ aládàáni kò sí nínú NUT, wọn kò sì ní àjọ, torí wọn kì í pẹ́ níbì kan. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, lẹ́sìn á bẹ̀rẹ̀. Tí lẹ́sìn bá parí, òbí á fi WhatsApp ránṣẹ́ lóru pé kí ni iṣẹ́ àmúrelé ọmọ òun. Láti 2008, bọ́ọ̀sì BRT ń gbé ni láti Mile 12 dé CMS, ó sì dára ju mólùè mi lọ, ṣùgbọ́n ìlà àwọn tó ń dúró dè é ní àárọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀.

Òyìnbó ti fún àárẹ̀ yìí lórúkọ, burnout. Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York ní 1974, nípa àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn láìgba owó. Ní 1990, Ellen Moir ní California ṣàlàyé bí ọkàn olùkọ́ tuntun ṣe ń lọ láàárín ọdún: ìrètí, ìjàkadì láti yè, ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń dé kí sáà àkọ́kọ́ tó parí, lẹ́yìn náà ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ọdún tuntun. Mo ka èyí fún ọmọ àbúrò mi, ó ní, “Mọ̀mí, ó dà bíi pé ó wà ní Alápẹ̀rẹ̀.” Ní 2019, àjọ ìlera àgbáyé kọ ọ́ pé kì í ṣe àrùn, pé láti ibi iṣẹ́ ló ti ń wá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá bójú tó wàhálà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá mi lára mu jù. Ibi iṣẹ́ ló ti ń wá. Kò wá láti inú ẹni náà, a kò sì lè fi orógbó nìkan wò ó sàn.

Àwọn kan máa ń sọ fún olùkọ́ pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà. Mo ti gbọ́ ọ láti 1979. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń retí èrè tirẹ̀ ní ọ̀run.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin ọ̀gá lábẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ má fi kíláàsì tó le jù lọ lé ẹni tó dé kẹ́yìn lọ́wọ́. Tí olùkọ́ tuntun bá wọlé, ẹ yan àgbà kan fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kí orúkọ àgbà náà wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù kí ó lè ráyè jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọmọ náà. Ẹ gbà wọ́n láyè láti kọ nóòtì ní ọ̀sán Friday. Ẹ má jẹ́ kí òbí máa pè wọ́n lẹ́yìn aago méje alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, tí ẹ wà ní Ìkòsì, Ògùdù tàbí Agbóyìí, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní àdúgbò yín. Ẹ lọ bi ọ̀gá ibẹ̀ pé ta ni tísà tuntun.